Gbogbo Abẹ́rẹ́ Ilé Mi Ló Kó Lọ

Àbúrò mi, wọlé, má jókòó sórí aṣọ yẹn, mi ò tíì fi kọ́là sí i. Òun ló rán ọ, àbí? Mo mọ̀. Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló ní kí o wá gbé mi lọ sí ọsibítù. Ó káre. Ṣé ó sọ ohun tó ṣe fún mi? Gbogbo abẹ́rẹ́ ilé yìí ló kó! Abẹ́rẹ́ ọwọ́, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, títí kan àwọn píìnì, ó dà wọ́n sínú agolo bisikíìtì, ó gbé e lọ. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ogójì ọdún. Kí wá ni télọ̀ tí ò ní abẹ́rẹ́?

Jẹ́ kí n dúró jàre, bí mo bá jókòó, ara mi kì í balẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Wọ́n ní mo ní àtọ̀gbẹ, mo gbà. Wọ́n ní kí n máa gún ìka láràárọ̀, kí n kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré yẹn, kí n fi mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó lára mi, mo gbà. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún mi wá tán. Mo ní, ṣé abẹ́rẹ́ ló máa wọ́n lọ́wọ́ èmi? Mo fa ọ̀kan yọ lára ẹ̀wù tí mo ń rán lọ́wọ́, mo gún àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ náà ò bèèrè pé abẹ́rẹ́ wo ni.

Sọ òótọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni abẹ́rẹ́ ti gún mi lójú ẹ? N ó fi ìka sẹ́nu, n ó lá a, n ó máa bá iṣẹ́ lọ, kó tó dọ̀la ó ti jiná. Ara mi kan náà nìyẹn o, àfi bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ fún mi.

Ó ní àgbà ti dé sí mi. Ó ní bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ara kì í tètè jí; kòkòrò á ti wọlé, wọ́n á ṣì máa yán. Ó ní ọjọ́ orí nìkan ti ń mú wọn lọ́ra, ká tó wá da ṣúgà lé e. Ó wá pa òwe fún mi, pé kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Kò tọrọ gáfárà. Èmi tí mo bí i!

Àtàǹpàkò náà rèé. Má fọwọ́ kàn án. Ó ti ń dúdú létí èékánná, ọjọ́ kẹrin lèyí. Kò sì dùn mí, ara mi ò gbóná. Mo ní ohun tí ò dunni, kí la fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ṣe? Ṣé o mọ̀ pé ọmọ náà bú sẹ́kún? Ó ní, “Bàbá mi, àìdùn yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò dun àwọn náà.”

Látìgbà yẹn ni mo ti ń rìn ká yàrá yìí. Mo ń pariwo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́, irọ́ ni, àbúrò mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí wọ́n bá gé e, kí ni n ó fi di aṣọ mú?

Kí lo wá ń wò? Dìde, ká máa lọ. Ṣùgbọ́n bá a bá dé ọ̀hún, sọ fún un pé tipátipá lo fi mú mi wá. Má jẹ́ kó gbọ́ pé mo ti wẹ̀, mo ti wọ bàtà dè ọ́ láti àárọ̀.