Ohùn Tí Asẹ́ Mi Gbé Mì

Àbúrò mi pè mí lórí rédíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí omi gbé e lọ, mo gbọ́ ọ, mo sì sọ pé ariwo lásán ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi pa á mọ́ra. Dókítà ti sọ fún mi pé ó ku díẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ aládùn, kó lọ síbòmíràn.

Fúnra mi ni mo kọ́ ṣíṣe rédíò àfọwọ́ṣe, irú èyí tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Asẹ́ inú rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù: kírísítà mẹ́fà, ègé òkúta kéékèèké nínú páànù, tí wọ́n ń gbọ̀n bákan náà, tí wọ́n ń jẹ́ kí ohùn tí a fẹ́ kọjá, tí wọ́n sì ń dá ìyókù padà. Nínú ọgọ́rùn-ún la ti ń ṣa mẹ́fà tó bára mu. Èèwọ̀ ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: má ṣe dì í mọ́wọ́ kó o tó wọ̀n ọ́n. Ooru ọwọ́ á mú kó parọ́. Bàbá Wáyà, àgbà nínú àwa oní-rédíò àdúgbò, ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi títí.

Mo kánjú. Mo ti fọ́nnu pé kò ní sí asẹ́ tó máa tóóró tó tèmi. Méjì nínú mẹ́fà, àtẹ́lẹwọ́ mi ni wọ́n ti bọ́ sórí ìwọ̀n. Nígbà tí wọ́n tutù, wọn ò bá mẹ́rin yòókù mu mọ́. Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí n tú u, kí n fi òjé tún un jó pọ̀, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Agídí ò jẹ́.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi máa ń fi rédíò inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ pè mí. Lọ́jọ́ tí omi gbé e lọ náà, Bàbá Wáyà wá wo ohun tí mo fi ń yangàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìyá Alásẹ́, asẹ́ tó bá dí jù, ìdérí ni o." A rẹ́rìn-ín.

Mẹ́rin lù. Nǹkan kan ń dún tín-ín-rín, bí ẹ̀fọn inú ìgò. Ó dún, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń mí, ó tún dún. Mo mọ èémí yẹn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà.

"Kí nìyẹn?" Bàbá bi mí.

Bí mo bá sọ òtítọ́, mo ní láti sọ pé mo di kírísítà mọ́wọ́, pé asẹ́ mi ló gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Ariwo lásán ni."

Ìgbà mẹ́rìndínlógún ló dún. Mo jókòó, mo mu omi tútù, mo ń kà á. Ẹranko ni mí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ létí òdìkejì, wọn ò rí òun alára. Ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá ó pè. Mo ní kò pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Tí kò bá pè, a jẹ́ pé ńṣe ló sá fún wa." Ohun tó sọ fún ọmọ wọn nìyẹn.

Mo ti fọ́ kírísítà méjèèjì mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí mẹ́rin bá ti lù, rédíò ì báà wà ní pípa, ó ń dún. Mẹ́rìndínlógún. Kò lé, kò dín. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ tú iṣẹ́ yín lójú ẹni tó kìlọ̀ fún yín.

Ọmọ àbúrò mi yẹn, obìnrin, ló ń tọ́jú mi báyìí. Lánàá mo dárúkọ bàbá rẹ̀. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ, kò gbójú sókè. Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ ẹni tó lọ láìdágbére.

Ọmọ mi, foríjì mí. Ó pè.