Àwọn Ọmọ Tí N Kò Ya Ojú Wọn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ jókòó. Dókítà ti sọ tiẹ̀, ó ku tèmi. Òótọ́ kan wà nínú mi tí n kò fẹ́ gbé wọ sàréè.

Ẹ mọ àwòrán odò tí mo fi ọ̀dà yà, tó wà ní pálọ̀ wa ládùúgbò Ashanti New Town. Ewé tútù tó yọ́ mọ́ odò, oòrùn tó fọ́ sójú omi bí ẹyin, ọmọ mẹ́ta tí kò lójú, tí kò nímú, àwọ̀ lásán. Àwọn èèyàn ní ọgbọ́n ọnà ni mo fi pa ojú wọn rẹ́. Irọ́ ni. N kò lè wò wọ́n lójú ni.

Èmi ni aláṣọ pupa. Èyí kékeré ni Ìkrímà, àbúrò mi. Ẹ̀kẹta ni Ama, ọmọ aládùúgbò wa ní Aboabo, níbi tí mo ti dàgbà.

Ìgbà ààwẹ̀ ni. Oòrùn mú, ẹyẹ ń ké lórí igi máńgòrò, odò ń dán. Mo yọ́ bu omi mu. Ìkrímà rí mi. Ó fi ń kọrin: "Wàláhì, màá sọ fún Ìyá!" Mo ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Mo tì í. Kì í ṣe èèṣì o. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tì í. Orí rẹ̀ gbá òkúta, omi sì gbé e lọ.

Ama ló bẹ́ sódò. Èmi dúró bí òpó. Nígbà tí àwọn àgbà dé, òun ni wọ́n bá, omi ń ro lára rẹ̀, ó gbé Ìkrímà mọ́ àyà, ọmọ náà kò sì mí mọ́. Ìyá mi kígbe pé, "Ta ló ṣe é?"

Mo nawọ́ sí Ama.

Kò sá. Ó kàn ń wò mí. "Ka nokware! Sọ òtítọ́, Ràyhànátù." Mo tún un sọ pé òun ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti da ẹrù ìyá Ama síta, wọ́n lé tìyá tọmọ kúrò ládùúgbò. Ìyá tèmi kú láìmọ òótọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Ama wá sí ọsibítù yìí. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Kò bú mi. Ó ní, "Èmi mọ̀ pé èmi kọ́. Ìyá mi ni kò dá lójú. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́, ó ṣì ń bi mí pé, 'Ama, ṣé ìwọ kọ́ lóòótọ́?'" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ẹ má sọ pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo ti di àgbà, mo ti bí yín, mo ṣì dákẹ́. Ẹ lọ sí Aboabo. Ẹni tó bá ṣì wà láàyè nínú àwọn tó lé Ama àti ìyá rẹ̀, ẹ sọ fún un pé èmi ni. Ẹ má bo àṣírí mi. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Bí Ama bá ní òun kò lè dárí jì mí, ẹ má bẹ̀ ẹ́.