Omi Yàrá Òkè

[Fóònù dún títí. Wọ́n gbé e.]

ÌYÁ: Ẹlòó? Púlọ́mbà mi!

ỌMỌ: Ẹ káàsán, mà. Orí àkàbà ni mo wà, níbi iṣẹ́—

ÌYÁ: Rọra o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ỌMỌ: Wọ́n wà, mà. Ṣé kò sí o?

ÌYÁ: Kò sí. Ilẹ̀ ló kàn tutù díẹ̀.

ỌMỌ: Tutù báwo?

ÌYÁ: Ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀.

ỌMỌ: Ọrùn ẹsẹ̀ kẹ̀! Màmá! Iná ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kan wáyà o!

ÌYÁ: Mo ti pa á láti ìta. Mo sì ti ti kọ́ọ̀kì omi ńlá ẹnu géètì. Rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ló bẹ́. Gbàù! Mo rò pé àlejò ló ń kanlẹ̀kùn. Mo tiẹ̀ ní, “Ẹ wọlé.”

ỌMỌ: Rọ́bà tuntun ni mo fi síbẹ̀, kò lè ṣàdédé bẹ́. Fáàfù tó ń dín agbára omi kù, abẹ́rẹ́ ojú aago rẹ̀ ń—

[Ariwo lórí ìlà.]

ÌYÁ: Ó ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Abẹ́rẹ́ fáàfù! Mẹ́ta ni mo fi í sí!

ÌYÁ: Kó tó bẹ́, méje ni.

ỌMỌ: Méje! Omi tó ń bọ̀ láti títì, ẹṣin ni. Fáàfù yẹn ni ìjánu rẹ̀. Ta ló fọwọ́ kàn án?

ÌYÁ: Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?

ỌMỌ: Màmá.

ÌYÁ: Èmi ni. Mo fi sípánà tí o gbàgbé yí i sí ọ̀tún, bí mo ṣe rí ọ tí o ṣe é.

ỌMỌ: Kí ló dé, mà?

ÌYÁ: Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lásìkò ìsinmi tó kọjá yẹn. Omi kì í gun yàrá òkè dáadáa. Mo ní kí àwọn ọmọ lè rí omi wẹ̀ níbẹ̀.

ỌMỌ: Sorry, mà. Iṣẹ́ ló—

ÌYÁ: Mo mọ̀. Mo ní bóyá ẹ ó kàn yọ sí mi ni. Mi ò dá a padà.

ỌMỌ: Omi tó le tó yẹn, tẹ́ ẹ bá ti ẹ̀rọ omi pa lójijì, ṣe ló ń forí sọ páìpù. Ẹ ò gbọ́ kó-kó-kó nínú ògiri?

ÌYÁ: Mò ń gbọ́ ọ. Kò yọ mí lẹ́nu. Ilé ti dákẹ́ jù tẹ́lẹ̀.

ỌMỌ: Páìpù inú ògiri ló máa tẹ̀ lé rọ́bà yẹn o! Please, ẹ mú sípánà. Ẹ yí i sí òsì, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí kọ́ọ̀kì. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Mo ti mú un. Dúró ná. Tí mo bá dá a padà, omi òkè á tún lọ sílẹ̀.

ỌMỌ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Ṣé ẹnì kan máa wẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yìí?

[Àkàbà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ.]

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Mo gbọ́ yín, mà.

ÌYÁ: Ẹ̀n-ẹ́n?

ỌMỌ: Ẹ... ẹ yí i sí òsì, mà.

[Irin ń han.]

ÌYÁ: Mo ti yí i. Ṣé o—

[Ìlà já.]