Ọwọ́ Tí Mo Nà ní Oríta Etí Òkun

Ìyàwó wa, gbé abọ́ yẹn sílẹ̀. Oúnjẹ tí o ń fi ṣíbí bù sí mi lẹ́nu yìí kò tọ́ sí mi, bí o bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, o lè dà á sí mi lórí. Pe ọmọ ẹ wọlé, kí òun náà gbọ́. Dókítà ti ní kí n palẹ̀ ilé mi mọ́, ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ti rìn títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi wú, òní ni òtítọ́ lé e bá. Èmi ni mo pa ọkọ ẹ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi.

O mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọkọ ẹ ní kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn létí òkun, wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé òun ni yóò máa ṣáájú wa lọ́dún tó ń bọ̀. Ìlara ń jẹ mí nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkè kan dá mi lágara, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Ó bá ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn yín?" Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò gbàgbé.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa: níbi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹni tó tẹ̀ lé aṣáájú á dúró, á máa fọwọ́ júwe ọ̀nà títí ẹni tó ń kẹ́yìn á fi dé. Ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè. Wọ́n á wo ọwọ́ ẹ̀, wọ́n á yà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi ni mo dúró. Ọ̀tún ni ọ̀nà tuntun. Òsì ni ọ̀nà àtijọ́ tí omi òkun ti jẹ lábẹ́. Mo mọ̀ pé omi ti jẹ ẹ́. Mo rò pé bí àbúrò mi bá gba ibẹ̀, yóò bá ìdènà tí wọ́n fi dí i pàdé, yóò ṣẹ́rí padà, yóò pẹ́ dé, a ó sì fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé mo lọ wò ó bóyá ìdènà ṣì wà níbẹ̀? Ìkà kì í wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àbúrò mi ti dúró ran ẹnì kan lọ́wọ́ tún ṣéènì ṣe, òun nìkan ló ń sáré bọ̀. Mo nawọ́ sósì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi!" Ó yà.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe. Mo sọ fún ara mi pé ẹyẹ òkun ni. Ẹni tó ń kẹ́yìn dé, ó bi mí pé, "Àbúrò ẹ ńkọ́?" Mo ní, "Ó ti kọjá tipẹ́." A sì gbéra. Àwọn apẹja tó rí òkú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti já ní kò kú lójú ẹsẹ̀, pé ó ti wọ́ ara ẹ̀ dé ìdí òkúta kan. Mo tún wá la ẹnu yìí, mo ní, "Mo júwe ọ̀tún fún un, ó ní àbùjá lòun máa gbà. Ẹ ṣáà mọ orí kunkun ẹ̀." Ìyá wa kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi forí jin ọmọ mi, agídí ẹ̀ ló kó yín sí wàhálà." Èmi gan-an ni mo gbé e dìde. Mo ní, "Màmá, a ti gbàgbé ẹ̀." Ó gbé ìtìjú yẹn wọ sàréè.

Ìwọ náà, bí ọmọ yìí bá ti kọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu, wàá ní, "Agídí bàbá ẹ nìyẹn." Mo ń gbọ́, mo ń jẹun lọ. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, ojú ń tì mí láti bẹ̀bẹ̀. Ọmọ mi, sún mọ́ bí. Má tọ́ ìlara sínú, kódà bó kéré. Bàbá ẹ kì í ṣe alágídí. Ó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbọ́, òun ló pa á.