Aṣọ Òjé Tí Ọ̀gá Kò Fẹ́ Bọ́

Ẹ bá mi gbé ohùn ìyìn sókè, ẹ̀yin ará! Ọba tó ń ṣọ́ ọmọ inú nígbà tí ẹnu ìyá rẹ̀ wúwo, ọpẹ́ ni fún Un! Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò ní jókòó jẹ́ ẹ̀rí yìí.

Kété lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Yàrá ẹ́síréè ni wọ́n fi mí sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ya àwòrán egungun. Ọmọdé kì í dúró jẹ́ẹ́ fún ẹ̀rọ. Èmi ni mo máa ń dì wọ́n mú. Ìtànṣán ẹ̀rọ náà kò ṣeé fojú rí, kì í gbóná, kì í rùn, ṣùgbọ́n ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òjé, tí ìtànṣán kì í là kọjá, ṣe aṣọ fún òṣìṣẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ọ̀gá wa ló sì ń wọ̀ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ìtànṣán kò dé, ló ti ń tẹ bọ́tìnì, síbẹ̀ ó gbé aṣọ òjé wọ̀ bí ẹni gbé agbádá oyè wọ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ jẹun. Ó ń wọ̀ ọ́ kí àlejò.

Oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ìyá ọkọ mi pè mí wọ yàrá. "Èyí tó kọ́kọ́ wá, o sọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, o sọ. Ayé gbọ́, ayé mú un. Tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ èyí kí ikùn rẹ tó yọ, má pè mí ní ìyá mọ́."

Mo yọ́ lọ rí dókítà, obìnrin bíi tèmi. Ó ní, "Aṣọ òjé ńkọ́?"

"Ọ̀gá ló ń wọ̀ ọ́, mà."

"Níbo ni ọ̀gá ń dúró?"

"Lẹ́yìn ògiri."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé òun ló lóyún ni? Lọ gbà á, tàbí kí o má wọ yàrá yẹn mọ́."

Mo bẹ ọ̀gá láìsọ ìdí. Ó rẹ́rìn-ín. "Aṣọ ọ̀gá? Ìgbà wo lo joyè? Di ọmọ mú, jàre."

Tí mo bá dákẹ́, ìtànṣán ń bẹ níwájú mi. Tí mo bá sọ, mo ti rú òfin ilé ọkọ mi. Ta ni kì í bẹ̀rù ayé? Mo gbàdúrà, n kò gbọ́ ohùn kankan. Ìgboyà nìkan ló wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ìyá kún orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, mo lóyún. Ẹ bọ́ aṣọ yẹn fún mi."

Ìyá àgbà kan láti Ọjà-Ọba, tí apá ọmọ-ọmọ rẹ̀ dá, pariwo: "Sùbúhánàláhì! Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Ìyá, iṣẹ́ ìjọba nìyí."

"Oyún kì í ṣe tìjọba! Ẹ bọ́ ọ, àbí kí n gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ládùúgbò wa?"

Ó dìde. Àwọn yòókù náà dìde, wọ́n ń pọn ọmọ. Ọ̀gá mọ̀ pé tí bẹ́ǹṣì bá ṣófo, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn yóò bi òun léèrè. Ó bọ́ ọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ lu káàkiri.

Mo gbé e wọ̀. Ó wúwo bí odó, ó ń rùn fún òógùn rẹ̀. Ògo fún Ọlọ́run! N kò tíì wọ aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ọkọ mi ti gbọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi bímọ. Ọmọ ké, ìyá ọkọ mi gbé e, ó ní, "Ó ké o!" Kò tọrọ àforíjì. Mo retí rẹ̀ títí ó fi kú.

N kò sọ pé ìtànṣán ló pa méjì àkọ́kọ́. Dókítà pàápàá ní òun kò mọ̀. Mo ti rò ó títí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan wọ ààbò tí kò nílò, ó sì ń wò mí.

Níbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀gá jẹun tán, ó dìde, ó ní, "Ọmọ yìí, ọmọ aṣọ mi ni! Èmi ni mo bò ó." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dákẹ́, nítorí ọmú wà lẹ́nu ọmọ. Lónìí ọmọ náà ti ní ọmọ tirẹ̀, n kò sì ní dákẹ́ mọ́. Ọ̀gá kò bo ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló bo ọmọ mi, Ó sì lo àwọn obìnrin tí n kò mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá! Arábìnrin mi, ìwọ tí o ń gbé ewu mọ́ra nítorí ohun tí wọn yóò sọ nílé, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi yóò gbọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ síta, níbi tí èrò pọ̀ sí.