Ara Wa Lẹ Fi Ń Kọ́ṣẹ́

Nínú takisí láti Challenge sí Dúgbẹ̀, mo gbọ́ bí ìyá kan ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀dọ́kùnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ áḿbúláǹsì.

"Ṣé dókítà ni ẹ́?"

"Rárá, mà. Ilé ẹ̀kọ́ ìlera ni mo lọ. Mo ṣì ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì kí n lè di nọ́ọ̀sì."

"Áà! Ara wa lẹ wá fi ń kọ́ṣẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ síbi tó wù yín?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà yíjú sí i.

"A ti kọ́ ọ ká tó wọṣọ, mà. Ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni?"

"Èémí ń ṣòro fún bàbá àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ kan, la bá pe áḿbúláǹsì. Ọmọ kékeré bíi tìẹ ló ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ wọ́n nímú."

"Ṣé ara bàbá ti le, mà?"

"Ó le dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ ibi tí ọmọ yẹn ti kàwé."