Òrùka Ẹsẹ̀ Igún

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni mo ń ta múdù ẹ̀wà lọ́jọ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan wá bá àǹtí tó máa ń ka igún káàkiri Kàdúná níwájú ìsọ̀ mi ní Makera, tó na òrùka irin sí i.

"Ọmọ mi, òrùka tí ẹ ní ká máa wò lẹ́sẹ̀ igún rèé."

"Bàbá, igún náà ńkọ́?"

"Haba! Igún wo ló máa wà láàyè kó jẹ́ kí n bọ́ òrùka lẹ́sẹ̀ ẹ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ojú àǹtí ti yí padà.

"A ní kí ẹ ka nọ́ńbà ara òrùka, kí ẹ pè wá ni. Igún yẹn nìkan ló kù tó ní òrùka. Òun là ń ṣọ́ ká lè mọ igi tí àwọn igún ń sùn sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gé e."

"Èmi ò mọ̀wé. Wallahi, mi ò jẹ ẹ́, mi ò tà á. Mo sin ín bí èèyàn."

Bí èèyàn! Mo ti rí èèyàn tí wọn ò sin tó bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná yìí.

Àǹtí béèrè ọkọ̀ tó gbé bàbá wá.

"Kẹ̀kẹ́ ni, láti Rigasa."

Ó fún un lówó àlọ àtàbọ̀: ẹgbẹ̀ta náírà.